Iyọ̀ Tó Wà Nínú Omi Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Wọ́n ní ẹnì kan ló da iyọ̀ sínú omi létúùsì Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ o. Ẹ má jẹ́ kí Ìyá Ìbejì, alájọgbélé wa, sọ ọ́ yàtọ̀ fún yín, torí ọ̀rọ̀ tó bá gba ẹnu Ìyá Ìbejì kọjá, dandan ni kó hu ìwo. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ẹnu ọ̀nà mi ló dojú kọ àtẹ̀gùn, tẹlifíṣọ̀n mi sì ti bàjẹ́ látọdún èṣí. Kí lẹ fẹ́ kí n máa wò?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi àwọn tọ́rọ̀ kàn hàn yín. Ọmọkùnrin kan ń gbé yàrá ẹ̀yìn nílé wa níbí, n'Íbàdàn. Ó kàwé iṣẹ́ àgbẹ̀ jáde ní yunifásítì, kò wá rí ilẹ̀ dáko sí. A ń pè é ní Àgbẹ̀ Aláìnílẹ̀, kì í sì í bínú sí i. Ohun tó ṣe ni pé ó to páìpù funfun sẹ́yìn balùwẹ̀, ó dá ihò sí i lára, ó ki ife rọ́bà kéékèèké bọ ihò kọ̀ọ̀kan, ni létúùsì bá ń hù níbẹ̀ láìfojú kan yẹ̀pẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan ló ń fa omi látinú dúrọ́ọ̀mù gba inú páìpù, tómi náà á sì tún ṣàn padà sínú dúrọ́ọ̀mù. Bí iná bá lọ lóru, ẹ ó gbọ́ ṣálúbàtà ẹ̀, ó ń lọ fi korobá bu omi sí wọn. Mo ti sọ fún un pé kó wá ìyàwó tí yóò máa bá a bu omi. Ó ní òun ṣì ń ronú sí i.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló wà lókè. Ó ti fẹ̀yìntì, àmọ́ kò tíì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀: bí ọmọ kékeré bá húkọ́ nílé wa, òun ló ń sọ iye síbí oògùn tí yóò lò, kò sì sí ìyá ọmọ tó tó bẹ́ẹ̀ láti já a níyàn. Ó rí létúùsì ọmọ yìí tó tutù yọ̀yọ̀, ó ní òun náà fẹ́. Ọmọ náà bá a to páìpù sí ọ̀ọ̀dẹ̀ òkè, ó sì máa ń po oúnjẹ omi kún kẹ́ẹ̀gì fún un. Owó táṣẹ́rẹ́ ló ń gbà. Owó náà kì í sì í tètè dé, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́.

Iyọ̀ ni oúnjẹ omi yẹn látòkè délẹ̀. Mi ò sọ iyọ̀ ọbẹ̀ o. Ajílẹ̀ tó ń yòrò sómi ni mò ń wí: kálísíọ̀mù náítíréètì, oríṣi pòtásíọ̀mù, mágínísíọ̀mù sọ́fẹ́ètì, pẹ̀lú irin àti àwọn nǹkan mìíràn tí kò tó ìwọ̀n èékánná. Ike méjì ni wọ́n ń pín wọn sí, A àti B, torí bí kálísíọ̀mù bá pàdé sọ́fẹ́ètì tàbí fọ́sífétì nígbà tí wọ́n ṣì ki, ńṣe ni wọ́n ń dì mọ́ra wọn, wọ́n á sì rọ̀ sísàlẹ̀ ike, ewéko ò ní rí wọn jẹ mọ́. Nítorí náà, ó ní láti da A sínú omi púpọ̀, kó rò ó dáadáa, kó tó wá da B sí i. Ìyá Ìbejì kọ́kọ́ rí i níbi tó ti ń da A, tó ń rò ó, tó ń da B, tó tún ń rò ó, tó ń sọ nọ́ńbà lábẹ́ ẹnu. Kílẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ yẹn, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ọmọ ẹ̀yìnkùlé ti wọ ẹgbẹ́ Yahoo Plus.

Nọ́ńbà tó ń sọ lábẹ́ ẹnu yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ewéko tó wà nínú ilẹ̀ lè na gbòǹgbò lọ wá oúnjẹ ẹ̀ síwájú, kó sì sá fún èyí tó bá pọ̀ jù. Èyí tó wà nínú páìpù ò ríbi sá sí. Ohun tẹ́ ẹ bá pò fún un ló máa jẹ. Bó bá ṣàn jù, ebi á pa á. Bó bá ki jù, iyọ̀ á máa fa omi sẹ́yìn mọ́ gbòǹgbò lọ́wọ́, òùngbẹ á máa gbẹ ẹ́ nínú omi níbẹ̀, etí ewé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n, mo fojú ara mi rí i. Ohun tínńrín kan ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ju bírò lọ, eyín irin méjì ló ní nísàlẹ̀. Ọmọ náà ṣí ìdérí ẹ̀, ó tì í bọ inú dúrọ́ọ̀mù, ó mì ín díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó há sáàárín eyín náà lè jáde. Nọ́ńbà ojú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré: 1.1, 1.6, 1.3. Ó dúró. Mo ní kí ló ń wò. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ó farabalẹ̀, mà." Nígbà tó yá, ó jókòó sórí 1.4, kò sì mira mọ́.

Ó ní iná bátìrì ló ń kọjá láti eyín kan sí ìkejì. Omi tí kò ní iyọ̀ nínú, iná ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ́nà gbà nínú ẹ̀. Bí iyọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀nà á ṣe máa là. Bí iná ṣe rọ́nà gbà tó ni wọ́n ń pè ní EC, mílísíẹ́mẹ́nsì lórí sẹ̀ńtímítà kan ni wọ́n sì fi ń kà á, tí wọ́n ń kọ báyìí: mS/cm. Siemens yẹn, èèyàn ni o, Werner von Siemens, ará Jámánì tó kú ní 1892. Ọdún 1971 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi orúkọ ẹ̀ sínú òṣùwọ̀n tí gbogbo ayé jọ ń lò. Ṣáájú ìyẹn, mho ni wọ́n ń kọ, ìyẹn orúkọ ará Jámánì kejì, Georg Ohm, tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, torí pé ohm ń wọn bí nǹkan ṣe ń dínà mọ́ iná, èyí ń wọn bó ṣe ń yà fún un. Àwọn ọ̀mọ̀wé náà mọ yẹ̀yẹ́ ṣe, ìrùngbọ̀n ni wọ́n kàn fi ń bò ó.

Àbí kí ni mò ń sọ? Ẹn-hẹ̀n, Àǹtí Nọ́ọ̀sì.

Ọmọ ẹ̀ tó wà l'Ámẹ́ríkà fi mítà tiẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ó bá sọ̀ kalẹ̀, ó béèrè lọ́wọ́ Àgbẹ̀ Aláìnílẹ̀ pé mélòó ni omi inú kẹ́ẹ̀gì òun. Ọmọ yẹn ní 1.4. Àǹtí ní kí ló ń jẹ́ 1.4, ppm ni ọmọ òun ń sọ. Ọmọ náà ò bá a jiyàn. Ó tẹ bọ́tìnnì ara mítà tiẹ̀, ó rí 980, ó kọ 980 sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ kẹ́ẹ̀gì. Àǹtí gbé e gòkè. Ó ti mítà tuntun tiẹ̀ bọ̀ ọ́. Kí ló rí? 700.

Kò pariwo o. Àgbà obìnrin ni. Ó kàn wá sídìí ẹ̀rọ omi, bíi pé ó fẹ́ fọ abọ́, ó wá rọra sọ fún mi pé ọmọ ayé òde òní ò ṣeé fọkàn tán, pé ọmọ yẹn ti la oúnjẹ òun, pé odindi 280 ló bù kúrò níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ gbà á ní sùúrù, mà." Sùúrù kọ́ ló gbà o. Ó lọ ra A àti B tiẹ̀, ó gòkè, ó ń kán an, ó ń fi mítà wò ó, ó ń kán an, títí mítà tiẹ̀ fi ka 980. Ọkàn ẹ̀ balẹ̀.

Àsìkò oòrùn March ni. Ẹ mọ oòrùn Ìbàdàn lóṣù yẹn, kò mọ nọ́ọ̀sì. Létúùsì ń mu omi kíkankíkan, ọ̀ọ̀dẹ̀ òkè náà ń fa tiẹ̀ lọ. Omi ló ń lọ, iyọ̀ ló ń dúró sílẹ̀. Nígbà téèyàn bá rí i pé omi ti fà báyìí, omi lásán ló yẹ kó fi dí i. Àǹtí ń fi oúnjẹ inú kẹ́ẹ̀gì dí i. Kò pẹ́, etí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó gbẹ, ó ká kò. Ó já ọ̀kan fi jẹ búrẹ́dì láàárọ̀, ó korò. Ibi tí igbe ti ta nìyẹn: "Ẹ gbà mí o! Wọ́n ti da iyọ̀ sí omi mi!"

Ta ni yóò fura sí bí kò ṣe Ìyá Ìbejì? Ẹjọ́ okùn aṣọ tó wà láàárín àwọn méjèèjì ti wà ṣáájú ẹjọ́ létúùsì. Ìyá Ìbejì fi Táíwò búra, ó fi Kẹ́hìndé búra, ó ní iyọ̀ ti wọ́n jù lọ́jà fún òun láti máa dà á sórí ewé aláwọ̀ ewé tí ò tiẹ̀ ní adùn. Ìyẹn ló sọ tó mú mi rẹ́rìn-ín, ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì bá bojú wò mí báyìí. Títí di òní, ó ṣì ń kí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bàbá Onílé pe ìpàdé. Ó ní kí wọ́n gbé Bíbélì àti Kùránì wá, kí oníkálùkù mú èyí tó bá bẹ̀rù. Àgbẹ̀ Aláìnílẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, korobá kan àti mítà méjèèjì náà ti tó." Ó bu omi tó pò fúnra ẹ̀ sínú korobá, ó ti mítà méjèèjì bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà lójú gbogbo wa. Tiẹ̀ ka 980. Ti Àǹtí ka 700. Ilé dàrú. Omi kan náà!

Bàbá Ìbejì, tó ń gbin àgbàdo lọ́nà Ọ̀yọ́, ní irọ́ ni mítà ń pa, òun á fi hàn wá. Ó lọ bu yùríà tiẹ̀ wá, ó kó ẹ̀kúnwọ́ kan sínú abọ́ omi òjò, ó rò ó títí ó fi yòrò, ó ní ó yá, ẹ tì í bọ̀ ọ́. Mítà kàn sáà ń wò wá ni, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lórí òdo. Bàbá Ìbejì pàtẹ́wọ́. Ajílẹ̀ gidi, mítà ò mọ̀ ọ́n! Àṣé òótọ́ ni ohun tójú wa rí. Ọmọ náà ṣàlàyé ẹ̀: bí yùríà bá yòrò, kì í pín sí ọ̀nà tó ń gbé iná, gẹ́gẹ́ bí ṣúgà náà ò ṣe ń gbé e. Oúnjẹ náà wà níbẹ̀, mítà ni kò rí i. Pẹ̀lú ẹ̀ náà, yùríà ò dára fún létúùsì inú páìpù, torí àwọn kòkòrò tójú ò rí ló ń bá àgbàdo sọ ọ́ di nǹkan jíjẹ nínú ilẹ̀, wọn ò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú omi. Nítorí náà, ẹ ní lọ́kàn pé mítà ò mọ ohun tó wà nínú omi. Bí iná ṣe ń kọjá nìkan ló mọ̀. Ẹ da iyọ̀ ọbẹ̀ sí i, á ka nọ́ńbà tó rẹwà fún yín, létúùsì yín á sì kú.

Lẹ́yìn náà ló wá tẹ bọ́tìnnì lára mítà kọ̀ọ̀kan. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ò tiẹ̀ mọ̀ pé tòun ní bọ́tìnnì. Tọmọ náà ka 1.4. Ti Àǹtí ka 1.4.

Ìyá Ìbejì jókòó sílẹ̀ gbì.

Ṣé ẹ rí i, ppm ni wọ́n ní ó ń sọ iye mílígíráàmù iyọ̀ tó wà nínú lítà omi kan. Mítà ò ní òṣùwọ̀n mílígíráàmù kankan nínú. EC ló ń wọ̀n, ló bá ń fi ìṣirò sọ ọ́ di ppm, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló sì yan ohun tí yóò fi sọ ọ́ di púpọ̀. Àwọn kan ní 500, torí wọ́n fi iyọ̀ ọbẹ̀ ṣe àwòkọ́ṣe. Àwọn kan ní 700, torí wọ́n fi iyọ̀ mẹ́ta tí wọ́n pò pọ̀ ṣe é: 40 nínú ọgọ́rùn-ún sódíọ̀mù sọ́fẹ́ètì, 40 sódíọ̀mù baikábónéètì, 20 iyọ̀ ọbẹ̀. Wọ́n ń pè é ní 442, wọ́n ní ó jọ omi odò. Àwọn mìíràn tún wà lórí 640. Nínú gbogbo wọn, kò sí èyí tó jọ oúnjẹ létúùsì! Ẹ wá fi 1.4 ṣe é: lọ́dọ̀ ẹni 500, 700 ni, lọ́dọ̀ ẹni 640, 896 ni, lọ́dọ̀ ẹni 700, 980 ni. Kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí ẹ̀ wọnú àti èyí tí wọn ò lù ni, gàrí ò yí padà.

Ibi tójú wa ti ń là ni ohùn àbúrò Àǹtí ti dé lórí fóònù láti Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí i pé kó wá ṣe ẹlẹ́rìí. Ó ní kí wọ́n máà dààmú ara wọn, kí wọ́n sáà ti fi í sí 14. Bàbá Onílé di orí mú. Ọmọ náà ní kò sí wàhálà, mà, CF ni wọ́n ń wí, EC tí wọ́n sọ di ìlọ́po mẹ́wàá kí wọ́n má baà kọ ẹ̀sún ni. Àwọn olóko inú ilé gíláàsì ní Bìrìtìkó àti ní New Zealand ti mọ̀ ọ́n lára. Ó wá fa páálí mítà Àǹtí yọ, ó fi hàn wá níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ó lè ka µS: ìyẹn, omi kan náà yìí á jẹ́ 1,400. Omi korobá kan ṣoṣo! Olè tó ń sá fún ọlọ́pàá ò ní orúkọ tó tó tiẹ̀.

Wàyí o, kí ni Àǹtí fi bọ́ létúùsì ẹ̀ lókè? 980 lórí mítà oní-500 jẹ́ 1.96, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2. Tòmátò á jẹ ẹ́, á tún béèrè sí i, torí 2 sí 3.5 kì í ṣe nǹkan fún un. Létúùsì, 0.8 sí 1.8 ni ọ̀pọ̀ ń lò fún un, ẹni tóòrùn sì ń pa bíi tiwa, ìsàlẹ̀ ló yẹ kó dúró sí. Ẹ fi èyí tí oòrùn fà kún un. Kò sẹ́ni tó da iyọ̀ sí i. Òun ló dà á.

Bàbá Onílé ní òyìnbó wo ló gbé wàhálà yìí wá sáyé. Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi nínú, torí ìtàn tí ọmọ náà sọ dùn ju ẹjọ́ lọ. Ó ní ọ̀mọ̀wé kan wà ní Yunifásítì California ní Berkeley, William Gericke lorúkọ ẹ̀. Láàárín 1929 sí 1937, ó gbin tòmátò sínú agbada omi, igi ẹ̀ ga ju èèyàn lọ fíìfíì, àwọn oníwèé ìròyìn ń sáré wá ya fọ́tò. Òun ló gbé orúkọ náà, hydroponics, jáde ní 1937. Yunifásítì ní kó mú ìlànà pípò náà wá. Ó ní rárá o, ilé òun ni òun ti ṣe é, lẹ́yìn àkókò iṣẹ́. Wọ́n bá ní kí àwọn méjì mìíràn, Hoagland àti Arnon, lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n gbé ìwé pẹlẹbẹ kan jáde ní 1938, wọ́n ní òótọ́ ni pé nǹkan ń hù nínú omi, ṣùgbọ́n kì í so ju ti ilẹ̀ tó dára lọ. Títí dòní, omi Hoagland ni wọ́n ń pò ní láábù káàkiri ayé, bẹ́ẹ̀ Gericke ló bẹ̀rẹ̀ ariwo. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: òfófó, owú, ìjà ẹ̀tọ́, ní Berkeley! Wọ́n á ní ilé wa ló burú.

Bàbá Onílé dájọ́. Àǹtí Nọ́ọ̀sì á bẹ Ìyá Ìbejì, Ìyá Ìbejì á yọ̀ǹda okùn aṣọ lọ́jọ́ Saturday, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ dárúkọ ppm nínú ọgbà òun mọ́. EC nìkan. Ìdájọ́ yẹn, mo fara mọ́ ọn. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ẹgbẹ̀rún kan ppm ni kẹ́ ẹ fi bọ́ ewé yín, ẹ béèrè pé 500 ni àbí 700, torí ọ̀kan jẹ́ 2.0, èkejì ò ju bíi 1.4 lọ. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa lọ.

Nǹkan kékeré mẹ́ta ló kù. Omi kànga wa fúnra ẹ̀ ń ka 0.4 kí wọ́n tó fi nǹkan kan sí i, nítorí náà, omi 1.4 tí wọ́n bá fi po, 1.0 péré ni oúnjẹ níbẹ̀. Omi òjò ló mọ́ jù, bí páànù òrùlé bá mọ́. Ẹ̀yin ará Lekki tí iyọ̀ wà nínú omi ilẹ̀ yín, ẹ wọ̀n ọ́n ná kẹ́ ẹ tó ra irúgbìn, torí omi òkun gan-an ń ka bíi 50. Èkejì, ooru ń ti nọ́ńbà gòkè, bíi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún fún dígírì Sẹ́lísíọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Omi tó jẹ́ 1.4 ní dígírì 25 lè ka bíi 1.7 bí dúrọ́ọ̀mù bá gbóná dé 35. Mítà tó dáa máa ń ṣe àtúnṣe yẹn fúnra ẹ̀. Ní ti èyí tí kì í ṣe é, ẹ fi ọwọ́ kan dúrọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́.

Ẹ̀kẹta, mítà náà fúnra ẹ̀ máa ń ṣìnà, a sì ní láti fi omi kan tún un ṣe, omi pòtásíọ̀mù kílóráídì tí wọ́n ti wọ̀n tí wọ́n sì kọ 1.413 sára ìgò ẹ̀. Àgbẹ̀ Aláìnílẹ̀ ní ìgò kan. Ìyá àgbà Ìbejì rí i lórí fèrèsé, ó rò pé omi lásán ni, ó dà á nù, ó fi ìgò náà gba epo pupa. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á n'Íbàdàn, kó jọ̀ọ́ sọ fún wa. Kó má lọ sọ ọ́ lókè o. Ẹnu ọ̀nà mi ni kó kàn.